Ìdí Jíìpù Ti Jókòó: Bí A Ṣe Ń Tún Sípíríǹgì Ẹ̀yìn Ṣe Ní Èkó

Ìdí jíìpù tó bá ti jókòó kò ṣòro mọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ kúrò nídìí ẹ̀ díẹ̀, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: imú ga, ìdí wálẹ̀, bíi pé wọ́n di sìmẹ́ńtì sẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá dalẹ́, iná iwájú á máa kọjú sókè, ẹni tó wà níwájú yín lórí bíríìjì Third Mainland á máa rí i nínú dígí, á sì máa ṣépè. Tẹ́ ẹ bá gun bọ́ǹpù, ẹ ó gbọ́ "gbàà" nísàlẹ̀. Axle, ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ló gbéra tó lọ gbá ṣasí (férémù abẹ́ ọkọ̀) yẹn.

Mẹkáníìkì púpọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má tíì mówó jáde. Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ má máa jó lẹ́yìn tó bá ti wọ kòtò. Ìwúwo ọkọ̀, orí sípíríǹgì ló wà. Ẹ lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lónìí, ìdí ọkọ̀ ò ní kúrò níbi tó wà.

Sípíríǹgì tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tó ká róbótó o. Èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tò lérí ara wọn ni, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ní bíléèdì. Hilux ní in lẹ́yìn. Xterra náà ní in. Land Cruiser 60, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1980 sí 1990, níwájú àti lẹ́yìn ló ti ní in. Jeep Cherokee onígun mẹ́rin tí wọ́n ṣe títí di 2001 ní in lẹ́yìn. Àmọ́ Land Cruiser 80 àti 4Runner tó jáde láti 1990, èyí tó ká róbótó ni tiwọn, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ.

Bó ṣe wà lábẹ́ nìyí. Bíléèdì tó gùn jù, bíléèdì àgbà, orí ẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ká di ihò, bọ́ṣì rọ́bà sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bóòtì ńlá kan ló de orí tiwájú mọ́ ṣasí, ibẹ̀ ò gbọdọ̀ sún. Orí tẹ̀yìn so mọ́ shackle, irin kéékèèké méjì tó ń mì síwá sẹ́yìn. Ìdí tó fi ń mì ni pé bí ẹrù bá ti tẹ sípíríǹgì, ṣe ló ń tẹ́jú tó sì ń gùn sí i, ó gbọ́dọ̀ ríbi nà sí. Bóòtì kan gba àárín gbogbo bíléèdì kọjá, orí bóòtì yẹn ló wọ ihò kan lórí ìjókòó axle, òun ni kì í jẹ́ kí axle sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Yúbóòtì méjì lápá kọ̀ọ̀kan, bóòtì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ló wá fún gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ rántí bóòtì àárín yẹn, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Irin yìí kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á rì í sínú òróró, wọ́n á wá tún dá a padà sínú ooru tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè tẹ̀ kó sì padà sí ipò ẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ tó sì ti padà fún ogún ọdún lójú títì wa, agbára àtipadà yẹn á dín kù. Ẹrù àpọ̀jù ló ń mú un yára. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Ogún àpò ti di tọ́ọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ Hilux púpọ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan náà ni agbára ẹ̀ mọ, pẹ̀lú àwọn tó jókòó síwájú. Ẹ wá wo iye tí wọ́n ń kó sẹ́yìn ẹ̀ láti Mushin lọ sí Ìkòròdú. Ní ti àwọn tó ń gbé Ajah, Lẹ́kí àti Ìsàlẹ̀ Èkó, omi ló tún kún un. Atẹ́gùn òkun ní iyọ̀ nínú, àgbàrá òjò máa ń bo axle mọ́lẹ̀, ìpata á wá wọ àárín bíléèdì níbi tí ojú ò tó. Irin tí ìpata bá ti jẹ ní kòtòkòtò, ojú kòtò yẹn ló ti máa ń sán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n

Ẹ kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ kúrò, títí kan jáàkì àti àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ti gbàgbé sẹ́yìn. Ẹ rí i pé atẹ́gùn inú táyà ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Ẹ wá fi téèpù wọ̀n láti àárín gbùngbùn ríìmù dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè táyà, lápá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ̀n láti ilẹ̀, ìyẹn ò dáa tó, torí táyà tó ti jẹ tán tàbí tí atẹ́gùn ẹ̀ ò tó á purọ́ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ọ̀tún àti òsì kò burú fún ọkọ̀ àtijọ́. Tó bá ti tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí bíléèdì kan ti ṣẹ́ lápá tó wálẹ̀.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wo bí sípíríǹgì ṣe tẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí, àárín ẹ̀ ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, kí orí méjèèjì gbé sókè díẹ̀. Tó bá ti tẹ́jú pátápátá tí kò sì sí ẹrù lórí ẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Tó bá ti wá yí padà, tí àárín ga ju orí lọ, ẹ ti ń lò ó kọjá àkókò. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín axle àti rọ́bà tó wà lórí ṣasí láti dènà ìgbá. Tí rọ́bà ọ̀hún bá ti ń dán, tàbí tó ti fẹ́lẹ́, tàbí tí kò tiẹ̀ sí mọ́, ẹ ti mọ ibi tí ariwo "gbàà" ti ń wá.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yúbóòtì àti lábẹ́ ihò orí bíléèdì àgbà. Ibẹ̀ ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà ìpata pupa tín-ín-rín tó dábùú bíléèdì kan kì í ṣe ìdọ̀tí, ó ti sán ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í wò. Ẹ wọ̀n láti bóòtì orí iwájú sípíríǹgì dé àárín axle, lọ́tùn-ún àti lósì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí kò bá dọ́gba, bóòtì àárín ti já lápá kan, axle sì ti sún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ lójú títì, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á rí i kí ẹ̀yin tó rí i, awakọ̀ á sì máa pààrọ̀ táyà láì mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: èwo lẹ fẹ́ ṣe?

Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Tí bíléèdì àgbà bá ti sán, tàbí tí ìpata ti jẹ ihò orí ẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan ju pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó, iná ti ba irin ibẹ̀ jẹ́, ó máa tún já, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ìta ilé ni tàbí orí bíríìjì.

Tí gbogbo bíléèdì bá péye, tí wọ́n kàn tẹ́jú, wọ́n á fún yín ní ìmọ̀ràn mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ irin kí wọ́n tún un tẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀. Àwọn kan á tú u, wọ́n á máa fi òòlù tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tútù, díẹ̀díẹ̀, láti orí dé orí. Ìyẹn ò burú, ó sì ń dín owó kù, àmọ́ irin tó ti rẹ̀ ṣì ni, ó máa tún padà wálẹ̀. Àwọn kejì á gbé gáàsì wá. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé wọ́n ń tan gáàsì sí i, ẹ gbé ẹrù yín kẹ́ ẹ máa lọ. Irin tó bá ti pọ́n tí wọ́n wá fi sílẹ̀ kó tutù fúnra ẹ̀, ó ti di irin lásán níbẹ̀, á rọ̀ láìpẹ́. Tí wọ́n bá sì da omi sí i kó lè tètè le, á le lóòótọ́, á wá ṣẹ́ bí ẹ bá wọ kòtò. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná ṣe é bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ ní ààrò tó gba gbogbo gígùn bíléèdì, òróró tó pọ̀ tó láti rì í, àti ọ̀nà tó fi ń mọ bí ooru ṣe tó. Ẹ bi í léèrè èyí tó ní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìkejì ni shackle gígùn, tàbí kí wọ́n ki irin onígun mẹ́rin sáàárín axle àti sípíríǹgì. Ọkọ̀ á ga lójú. Ṣùgbọ́n agbára wo ni wọ́n fi kún sípíríǹgì? Kò sí. Ẹrù díẹ̀, á tún jókòó. Shackle tó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin gùn ju ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi méjì péré ló máa gbé ọkọ̀ sókè, á sì máa gbo bọ́ṣì. Irin àárín yẹn, tẹ́ ẹ bá fi dandan lò ó, ẹyọ kan ni, ẹ ò gbọdọ̀ to méjì lérí ara wọn, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú axle iwájú tó ń yí ọkọ̀.

Ìkẹta ni pé kẹ́ ẹ fi bíléèdì kan kún un. Èyí dáa fún ọkọ̀ tí sípíríǹgì ẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ àmọ́ tí kò ní ìpata púpọ̀. Ó máa gbé e sókè, ó sì máa fi agbára kún un gan-an. Ìyà ẹ̀ ni pé ọkọ̀ á le; tẹ́ ẹ bá ń dá gun ún láìsí ẹrù, ẹ̀yìn yín á mọ̀ ọ́n lára.

Ìkẹrin ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Fún jíìpù tó ti lé ní ogún ọdún tí ó ń sùn síta nítòsí òkun, èyí ni mo fara mọ́. Ẹ má sì pààrọ̀ ẹyọ kan. Ọ̀tún tuntun pẹ̀lú òsì tó ti rẹ̀, ọkọ̀ á kàn máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ládipọ̀

Ọjà Ládipọ̀ ní Mushin lẹ máa rí tòkunbọ̀. Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, dáa fún irin àti ohun èlò ọkọ̀ ńlá. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ wọ̀n ìwọ̀nyí: fífẹ̀ bíléèdì, iye wọn, gígùn láti àárín ihò orí iwájú dé bóòtì àárín, àti láti bóòtì àárín dé ihò orí ẹ̀yìn. Ẹ wọ̀n apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí nínú ọkọ̀ púpọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kì í gùn dọ́gba. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé "ti Hilux." Hilux onílẹ̀kùn méjì, tí yàrá ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àti èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin lè máà gba irú sípíríǹgì kan náà.

Ọmọkùnrin tó ń tajà á ti gbé ọ̀kan síwájú yín. "Dádì, Belgium ni o, kò tíì pẹ́ tó wọlé."

Ẹ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, gbé èkejì ẹ̀ wá, jẹ́ kí n to àwọn méjèèjì."

Tó bá ní èkejì ti tà, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e. Tó bá gbé e wá, ẹ gbé wọn kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí orí bá orí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ ka bíléèdì. Wọ́n fẹ́ràn láti fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ọ̀dà yẹn sì máa ń bo ojú ìjó mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ mú ìṣó dání, ẹ fi ha ẹ̀gbẹ́ bóòtì àárín àti abẹ́ ihò orí. Irin tí wọ́n jó máa ń wú díẹ̀, tàbí kí wọ́n ti fi gíráńdà lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú jù. Ẹ wo orí bíléèdì kejì níbi tó ti kan bíléèdì àgbà. Tó bá ti gbẹ́ kòtò jíjìn sínú ẹ̀, ẹ má rà á. Ọ̀rọ̀ iye, ẹ̀yin àti ẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ra ní tòkunbọ̀: yúbóòtì, nọ́ọ̀tì wọn, bóòtì àárín, àti bọ́ṣì. Yúbóòtì máa ń nà nígbà tí wọ́n bá fún un, nínà yẹn ló fi ń di nǹkan mú. Èyí tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kì í di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ẹ ra mẹ́rin tuntun, kí fífẹ̀ àti nípọn wọn bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi bíléèdì kún un, yúbóòtì tuntun ní láti gùn díẹ̀ sí i, bóòtì àárín náà sì gbọ́dọ̀ gùn sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títú u

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fín òróró tó ń wọ ìpata sí gbogbo nọ́ọ̀tì, ẹ tún un fín láàárọ̀. Ìpata Èkó kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí iyanrìn. Ẹ fi òkúta tàbí igi ńlá há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Hándìbíréèkì ò wúlò níbí, torí táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú, táyà ẹ̀yìn sì máa kúrò nílẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí táyà tó gbéra. Ẹ wá fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ ti sítáǹdì méjì bọ abẹ́ ṣasí, díẹ̀ síwájú ibi tí orí iwájú sípíríǹgì ti so. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí sítáǹdì, ẹ fọwọ́ tì í bóyá ó ń mì. Mo ti rí àwọn tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì àti ríìmù àtijọ́ nìkan ló gbé e. Ẹ má bá wọn ṣe é.

Ẹ yọ táyà. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ axle kó kàn ru ìwúwo ẹ̀, kì í ṣe kó gbé ọkọ̀ kúrò lórí sítáǹdì. Ẹ yọ bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ wo okùn rọ́bà bíréèkì tó wá láti ṣasí sórí axle: bí axle bá sọ̀ kalẹ̀ jù, ṣe ló máa fà ya, nítorí náà ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń sọ jáàkì kalẹ̀. Wáyà ABS (ètò bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) náà, tí ọkọ̀ yín bá ní in.

Apá kan ni kẹ́ ẹ tú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ parí òsì pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá tú méjèèjì pọ̀, axle á yí, á sún, dídá a padà sí ipò á wá di iṣẹ́ ẹni mẹ́ta.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì yúbóòtì. Tó bá kọ̀, ẹ gé e, ẹ ò sì ní lò ó mọ́. Ẹ sọ axle kalẹ̀ díẹ̀ títí sípíríǹgì ò fi ní ru nǹkan kan mọ́. Ẹ yọ bóòtì shackle, lẹ́yìn náà ti iwájú. Bóòtì iwájú yìí ni yóò fún yín níṣẹ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin tó wà nínú bọ́ṣì, nọ́ọ̀tì á tú, bóòtì ò sì ní jáde. Ẹ fi súpánà yí orí ẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń fín òróró sí i. Tí kò bá gbọ́, gíráńdà ni, kẹ́ ẹ gé bóòtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò lápá méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan gáàsì níbẹ̀ láì mọ ibi tí táǹkì epo wà. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù, ó wà nítòsí gan-an. Gíráńdà náà ń ta iná, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹ̀gbẹ́ táǹkì, kẹ́ ẹ sì ní ẹnì kan tó dúró ti omi àti iyanrìn. Gbígbé sípíríǹgì jáde, ẹni méjì ni. Ó wúwo ju bó ṣe rí lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi bíléèdì kún un

Tó bá jẹ́ pé ẹ ra méjèèjì látọjà, ẹ lè fo ibí yìí, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u fọ̀, èyí tí mo rò pé ó yẹ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì àárín, ẹ fi kílámpù ńlá méjì di gbogbo bíléèdì pọ̀, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan bóòtì. Bíléèdì wọ̀nyẹn ń ti ara wọn. Tẹ́ ẹ bá yọ bóòtì láì dì wọ́n, wọ́n á fò, ojú àti eyín ló sì wà níwájú wọn. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí apá iwájú bíléèdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ irin tó de ẹ̀gbẹ́ wọn ṣí. Ẹ wá yọ bóòtì, kẹ́ ẹ máa tú kílámpù díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, títí gbogbo ẹ̀ á fi rọ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ojú irin, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún sísán. Ẹ kùn ún lọ́dà tó ń dènà ìpata. Ní ti gíríìsì láàárín bíléèdì, àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ kùn ún dáadáa. Iyanrìn máa lẹ̀ mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á sì máa lọ irin náà. Gíríìsì tó ní gráfáìtì, díẹ̀ péré lórí bíléèdì níbi tí wọ́n ti ń fi ara kan ara, ó tó.

Fífẹ̀ bíléèdì tuntun gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ jù wọ́n lọ. Àyè ẹ̀ ni àárín èyí tó gùn jù ú àti èyí tó kúrú sí i. Ẹ má kì í sísàlẹ̀ pátápátá torí pé ibẹ̀ ló yá. Ẹ lọ̀ igun orí ẹ̀ méjèèjì kó má máa gbẹ́ bíléèdì tó wà lókè ẹ̀. Ihò àárín, tí kò bá ní, ẹ̀rọ ìlu ni kẹ́ ẹ fi lu ú, kì í ṣe iná.

Ẹ tò wọ́n padà, ẹ ki irin gígùn tín-ín-rín kan sínú ihò àárín kí gbogbo ẹ̀ lè dọ́gba, ẹ fi kílámpù fún wọn pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi bóòtì àárín tuntun rọ́pò irin yẹn. Ẹ má fi bóòtì fa bíléèdì pọ̀. Kílámpù ló ń ṣe ìyẹn, tí bóòtì kàn ń dì í mú. Ẹ gé ìyókù bóòtì, ẹ tẹ irin ẹ̀gbẹ́ padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: dídá a padà

Orí iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, pẹ̀lú bọ́ṣì tuntun, lẹ́yìn náà shackle. Ẹ fi ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì méjèèjì, ẹ má tíì fún un le. Ẹ fi jáàkì gbé axle sókè títí orí bóòtì àárín á fi wọ ihò ẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ lọ fojú rí i. Tí orí bóòtì bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò dípò inú ẹ̀, yúbóòtì á fún un bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí axle á fi sún. Ẹ wá fi yúbóòtì sí i, kẹ́ ẹ máa fún un ní ìkọjá, nọ́ọ̀tì iwájú ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ìyókù okùn gbogbo wọn gùn dọ́gba nísàlẹ̀. Ẹ lo súpánà tó ń wọ̀n agbára, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Páìpù gígùn tí wọ́n máa ń ki bọ súpánà kò mọ ìgbà tó tó.

Ẹ so ṣọ́ọ̀kì, ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe apá kejì. Ẹ gùn ún lẹ́yìn, ẹ fò lórí ẹ̀ díẹ̀ kó jókòó dáadáa. Ìgbà tí ìwúwo ọkọ̀ ti wà lórí táyà yìí lẹ ó tó fún bóòtì orí iwájú àti ti shackle le. Tẹ́ ẹ bá fún wọn nígbà tí axle ṣì so rọ̀, rọ́bà inú bọ́ṣì á lẹ̀ mọ́ ipò yẹn, bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀ á ti lọ́, á sì já láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ṣì tí wọ́n ń pè ní ayédèrú, ibí yìí ni wọ́n ti pa á.

Ẹ tún un wọ̀n láti àárín ríìmù dé etí fẹ́ńdà, ẹ fi wé ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ dá iná iwájú padà sí ipò ẹ̀.

Bíréèkì ló kù, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀. Nínú Hilux àti Land Cruiser àtijọ́ púpọ̀, irin tín-ín-rín kan wà láti axle ẹ̀yìn lọ sórí fáàfù kan lára ṣasí. Fáàfù yẹn ló ń fi bí ìdí ọkọ̀ ṣe wálẹ̀ tó mọ bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, òun ló sì ń pinnu iye epo bíréèkì tó máa lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ní báyìí tí ìdí ọkọ̀ ti gbéra, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín ti ẹ̀yìn kù, iwájú á máa dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ wá a lábẹ́. Tó bá wà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ bíréèkì yí irin náà sí bí gíga tuntun ṣe fẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ti já a tàbí tí wọ́n fi wáyà so ó sókè, àtúnṣe tiẹ̀ náà wọ inú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Yúbóòtì tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ bí bíléèdì bá ti ń fara mọ́ ara wọn. Ẹ tún un fún lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe tó bá tó 1,000. Ẹni tó bá lọ sí Ìbàdàn ti kọjá ti àkọ́kọ́ kó tó débẹ̀. Kó mú súpánà dání, kó sì fún un níbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ti tutù tó dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó tó kó ẹrù àbọ̀ sí i.